Ọkọ̀ Tó Gbé Fúnmi Lọ Ni Yóò Gbé E Bọ̀

Ẹ̀yin ará àdúgbò mi ní Ìkọ̀tún, láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń bi mí pé, "Ìyá Fúnmi, báwo ni Kútọnu? Kí lẹ rà bọ̀?" Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. N kò ra nǹkan kan bọ̀. Kútọnu kọ́ ni mo lọ, mo kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ọmọ mi ni mo lọ mú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè sinmi.

Èéfín

Ẹ mọ ọkọ̀ wa. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti Ìkọ̀tún dé Ìdímù. Bí Bàbá Fúnmi bá ti ṣíná sí i láàárọ̀, èéfín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín kí òun fúnra rẹ̀ tó kí yín. Ìyá Ṣẹ̀yẹ tí a jọ ń gbélé a máa pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ tí mo sá ná!" Nọ́ńbà tó ń ka kìlómítà ti dúró sójú kan kí a tó ra ọkọ̀ náà. Ẹni tó tà á fún wa ní bí òun náà ṣe bá a nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Fúnmi kò sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo lóyún Dàpọ̀, ara mi kò yá rárá, wọ́n ní kí n máa dùbúlẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi wá láti Sábẹ, nílẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Fúnmi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n ní àwọn yóò mú ọmọ náà dání títí n ó fi bímọ. Ọkọ mi fi ọkọ̀ yìí gbé wọn lọ. Oṣù mẹ́ta la pè é. Mo bímọ tán, Dàpọ̀ ń ṣàìsàn. Dàpọ̀ gbádùn tán, epo ọkọ̀ wọ́n. Epo wá ṣeé rà, àwọn ṣọ́jà ti ẹnubodè pa. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́ta ṣe di ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé, tí ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìdímù sì ti gbà láti di àyè kan mú fún un, a ránṣẹ́ sí Màmá ní Sábẹ pé kí wọ́n fi Fúnmi lé ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ l'Ékòó lọ́wọ́. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gùn: àwọn kì í di ọmọ ọmọ àwọn rán ẹlòmíràn bí ẹrù. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé e wá, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ náà ni yóò gbé e lọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Brọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì wa lójú ọ̀nà Ìgàndó, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi imú súkúrúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bí dókítà.

Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó látòkè délẹ̀. Nǹkan méjì ló wà ńbẹ̀. Yálà ká tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ká tún un ṣe tán, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ máa bu ọ́ìlì sí i, kẹ́ ẹ máa rọra lọ. Á gbé yín dé Sábẹ. Á kàn máa ṣe èéfín ni."

Á kàn máa ṣe èéfín! Brọ̀dá Múfú kò mọ ilé ọkọ mi. N ó sọ òtítọ́ fún yín: ojú tì mí kí n tó débẹ̀ rárá. Mo ti ń wò ó lọ́kàn bí a ó ṣe fi èéfín wọ agbo ilé, tí àwọn àbúrò bàbá ọkọ mi obìnrin yóò fi ìborùn bo imú, tí wọ́n á ní, "Ìyàwó Èkó dé." Owó tí yóò tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ kò sí. Mo ní, "Ṣé kò sí èyí tó wà láàárín? Ẹ bá wa tún òkè nìkan ṣe, kí èéfín yẹn ṣá kúrò."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òkè á wá lágbára ju ìsàlẹ̀ lọ o. Ìsàlẹ̀ tó ti gbó, tí òkè bá ń tì í mọ́lẹ̀ bíi ti tuntun, kò ní pẹ́ tó fi máa pariwo."

Bàbá Fúnmi wò mí. Mo ní, "Ẹ ṣá bá wa ṣe é."

Ó ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, Ìyá Ṣẹ̀yẹ kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra bí ìṣe rẹ̀, ó dúró, kò rí èéfín. Ó ní, "Àbí ẹ ti ra òmíràn ni?" Inú mi dùn bí òmùgọ̀.

Omi ní Àjàṣẹ́

N kò ní fi ẹnubodè da yín láàmú. Ẹ kọjá ẹnubodè ná, nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti di àlejò. Epo tí a tò fún lọ́jọ́ méjì ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n fi ń bú wa bí ajá, àwọn ará ibẹ̀ bù ú sínú ìgò, wọ́n tò ó sẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn bí ẹni ń ta òróró. Epo wa ni o! Ẹni tó ń tà á tún kí wa, "Bọnjúù, ẹ kú ìrìn," ó gbé ìjókòó fún mi nítorí pé ó rí ọmọ lẹ́yìn mi. Mo dúró mo ń wá ibi tí ìwọ̀sí wà nínú rẹ̀, n kò rí i. Ìrìn-àjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ó ti ń rẹ̀ mí, mo sì rí i pé ìmúra láti jà ló ń rẹ̀ mí jù.

Ní Àjàṣẹ́, ọkọ̀ gbóná. Iwájú ilé àdúrà kan la dúró sí, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń gbálẹ̀ láìwọ bàtà. Ọ̀kan nínú wọn gbé omi wá nínú bàsíà. Kò béèrè orúkọ mi, ó gba Dàpọ̀ lẹ́yìn mi, ó fi ìdajì omi náà wẹ ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìdajì yòókù fún ọkọ mi pé kó dà á sínú ọkọ̀. A ra búrẹ́dì tó gùn bí apá, a bù ú jẹ lórí ìdúró. Nígbà tí Bàbá Fúnmi tún ṣíná, obìnrin náà tẹ etí sílẹ̀.

"Ìyá ọlọ́mọ, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Sábẹ ni, mà."

"Sábẹ jìnnà. Ọkọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ o."

Kó-kó-kó. Ó lọ sílẹ̀ gan-an, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé. Ọkọ mi ní páìpù èéfín ló mì. Mo ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni, mo sì mọ ẹni tó fà á.

Àlejò lọ́nà mẹ́ta

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a rí àwọn òkè olókùúta Sábẹ, tí wọ́n yọ gàgàrà lórí ilẹ̀ títẹ́jú bí ẹni tó ń bẹ̀ wá wò. Nígbà yẹn, ohun tó ń kan ilẹ̀kùn ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án. Àwọn ọmọ kéékèèké ti jáde síta kí a tó wọ agbo ilé. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ni wọ́n ń gbé bọ̀. Èmi tí mo ní n kò fẹ́ èéfín, ariwo ni mo gbé wọlé.

Àwọn ìyá náà kò tilẹ̀ bo imú. "Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ìyàwó, ẹ kú ọmọ!" Wọ́n gba Dàpọ̀, wọ́n gba báàgì, wọ́n gbé omi fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀, títí orúnkún mi fi pupa.

Fúnmi dúró lẹ́yìn Màmá. Ó ti ga. Wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa ju bí mo ṣe lè dì í lọ. Màmá tì í síwájú, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Màmá ní, "Ìyá ẹ nìyẹn o."

Ó ní, "Mo mọ̀." Bí ẹ ṣe ń mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò.

Iyán la jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti jẹ iyán, ẹ kò tíì jẹ ẹ́. Wọ́n fi wàrà tí àwọn Fúlàní dì, tí wọ́n dín títí ara rẹ̀ fi pọ́n, sínú ọbẹ̀ dípò ẹran, ó ń dún láàárín eyín. Yorùbá wa ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì ní láti máa wo ẹnu wọn kí n tó gbọ́. Fúnmi náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, mo ní, "Kí lo wí?" Ó wo ìyá bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ògbufọ̀. Ẹ̀gàn kọ́, mi ò rí ibi tí mo ti jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀ rí: mo jẹ́ ará Èkó láàárín wọn, mo jẹ́ ìyàwó láàárín wọn, mo sì jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ ọmọ tí mo fi ọmú bọ́.

Akọ̀wé

Mẹkáníìkì wà nínú agbo ilé. Ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi ni, èmi sì fi bí ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni mo ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí pé ó fi bírò há etí. Ọ́ìlì ti wá dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí, orúkọ náà kò kúrò.

Ó tẹ́tí sí ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan péré, ó gbórí sókè.

"Brọ̀dá, ìsàlẹ̀ ti lọ. N ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Irin gígùn tó wà nínú rẹ̀ á lọ sí Kútọnu, wọ́n á fi ẹ̀rọ fá a kó tún dán. N ó pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ibẹ̀. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀ jù. Ẹ̀yin ẹ wọ mọ́tò padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ ó wá mú ọkọ̀ bó bá ṣe tán. Fúnmi á ṣì wà lọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó dé."

Ilé-ìwé ń wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ilé-ìwé kò ní di àyè mú ju ọjọ́ yẹn lọ. Mo sì mọ bí oṣù mẹ́ta ṣe ń di ọdún mẹ́ta. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Báwo ni yóò ṣe sọ fún ọmọ ilé wọn pé kó má ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán lórí ọkọ̀ òun? Wọ́n á ní ó ti di ará Èkó, kò fọkàn tán ọwọ́ wọn mọ́.

Èmi ńkọ́? Ìyàwó kì í jiyàn pẹ̀lú ọkọ lójú ilé. N kò lè sọ fún Akọ̀wé pé kó ṣe èyí, kó má ṣe tọ̀hún. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọn kì í dí ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀: kó rojọ́ ara rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo gbá èèpo ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò."

Wọ́n dáwọ́ ẹ̀wà dúró.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ náà ń ṣe èéfín ni, kò pariwo rí. Mo ní mẹkáníìkì wa sọ fún mi, èmi ni mo ní kó tún òkè ṣe, nítorí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Mo ní ọkọ mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí Fúnmi bá tún dúró, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. "Ẹ bá mi bẹ Akọ̀wé, kí wọ́n ṣe ìwọ̀nba tó lè gbé wa délé."

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! Ìwọ lo fi orí ọ̀dọ́ lé ara àgbàlagbà?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé èmi náà kò ní ẹjọ́? Nígbà tí mo gbọ́ ariwo yẹn bọ̀, mo dúpẹ́ pé Fúnmi kò ní tètè lọ." Wọ́n mú ẹ̀wà kan, wọ́n sọ ọ́ nù. "Akọ̀wé, bó o bá ṣe díẹ̀, ṣé á gbé ọmọ mi délé?"

"Mi ò tíì mọ̀, Màmá. Bí ọkọ̀ bá kú fún wọn lọ́nà, orúkọ mi ni wọ́n á bà jẹ́ o."

"Lọ wò ó kó o tó dáhùn."

Abẹ́ ọkọ̀

Ẹ wò mí lábẹ́ ọkọ̀ ní Sábẹ, lórí àpò sìmẹ́ǹtì, nínú ìró. Màmá ló ní kí n wọlé síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọkọ̀ náà lọ́nà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣọ́. Àwọn ìyàwó ilé yòókù dúró, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé tú àwo tó ń gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan jáde, tó tẹ̀ bí ààbọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́. Ó yẹ kó funfun, ṣùgbọ́n ó ti jẹ títí ó fi pọ́n bí bàbà. "Ìwọ̀nyí ló ń pariwo. Mo lè rí tuntun lọ́jà. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì nìyí." Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé irin gígùn tí a ó torí rẹ̀ lọ sí Kútọnu. "Fi èékánná fà á. Bó bá há, ó ti gé nìyẹn, Kútọnu dandan ni. Ṣé ó há?"

Mo fà á. Èékánná mi ń yọ̀ lọ geere, kò há níbì kankan.

Mo ní, "Kò há."

"Tún fà á."

"Kò há, Akọ̀wé."

Òun náà fà á. "Ó dáa. N ó pààrọ̀ pẹlẹbẹ wọ̀nyí nìkan. Ọ́ìlì tó ki ni n ó fún yín. Ẹ kò gbọdọ̀ sáré. Kẹ̀kẹ́ lè kọjá yín, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró, ìwọ ni kó o yẹ ọ́ìlì wò, kì í ṣe ọkọ rẹ. Ẹni tó bá jẹ̀bi ni kì í gbàgbé."

Bí mo ṣe fẹ́ jáde ni mo forí gbá àwo ọ́ìlì. Ìyókù rẹ̀ dà sí mi lórí, ó gba iwájú orí mi wá sí imú. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan. Fúnmi ni, ó ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń yọjú wò mí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ mú àkísà wá, ó rákò wọlé, ó ń nù mí lójú, ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré. N kò gbọ́ ju ìdajì lọ. N kò béèrè kí ló wí.

Ọ̀nà ilé

Màmá wẹ Fúnmi, wọ́n di ẹrù rẹ̀, wọ́n di iṣu àti wàrà fún wa, wọn kò sunkún. Akọ̀wé fún Fúnmi ní ọ̀kan nínú àwọn irin pẹlẹbẹ tó ti pọ́n, ó fi okùn so ó mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀gbà. Màmá náà gba ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Wọ́n wá sọ fún mi, èmi gan-an, kì í ṣe ọmọ wọn: "Ìsinmi gígùn. Ọkọ̀ yìí kan náà."

Mo ní, "Ọkọ̀ yìí kan náà, Màmá."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi padà. Tírélà kọjá wa, akérò kọjá wa, ọkùnrin tó gbé ewúrẹ́ méjì sórí kẹ̀kẹ́ kọjá wa, ó sì juwọ́. Ibikíbi tí a bá dúró ni mo ń fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo ń nù ún, mo ń wò ó. Fúnmi á dúró tì mí. "Ó ńkọ́?" "Ó kù díẹ̀ kó kún." Ẹ̀yìn mi, ọrùn mi, ojú mi, kò sí èyí tí kò ro mí. Nígbà tí a yọ sí Ìkọ̀tún, ẹnì kankan kò gbọ́ wa. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ìyá Ṣẹ̀yẹ kò tilẹ̀ kó aṣọ rẹ̀.

Brọ̀dá Múfú fi súkúrúdíráfà gbọ́ ọ. "Ta ló ṣe ìsàlẹ̀ yìí? Ó mọṣẹ́. Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀, Ìyá Fúnmi. Fún ti Ìkọ̀tún sí Ẹ̀gbẹ́dá yìí, kí la tún ń tú?"

Mo ní, "Kì í ṣe ti Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ bá wa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, látòkè délẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí agbára wa bá ṣe mọ. Ó gbọ́dọ̀ padà sí Sábẹ kí ìsinmi gígùn tó parí."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wa tí à ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ má ṣe bá wa kẹ́dùn mọ́. Lójoojúmọ́, bí mo bá mú Fúnmi láti ilé-ìwé ní Ìdímù, ó di dandan kí a yà sọ́dọ̀ Brọ̀dá Múfú. Á dúró wo àwọn irin tí wọ́n tò sórí àpò, á fi ẹ̀gbà rẹ̀ wé wọn.

Lánàá mo bi í pé, "Ṣé ò ń kánjú kó o padà sọ́dọ̀ Màmá ni?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín. A rìn díẹ̀, ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa yẹ ọ́ìlì wò. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n."

Kí a tó dé ilé, ó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n pọn òun. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ó ti wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, irin tútù ọwọ́ rẹ̀ ń kan ọrùn mi. Ó ti rẹ èmi náà. Mo pọ̀n ọ́n délé.